ÌRÁNTÍ INÚ RÉDÍÒ: BÍ Ó ṢE Ń SỌNÙ ÀTI BÍ A ṢE Ń DÁ A PADÀ

Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ ní Ìlobùú àti ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun pé kí ènìyàn tan rédíò rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó máa retí ìròyìn, kí ó sì jẹ́ pé ariwo lásán ni yóò gbọ́. Bí ó bá wo ojú ẹ̀rọ náà, òǹkà 87.5 ni yóò rí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 104.5, èyíinì ni ilé-iṣẹ́ Living Spring tí ó wà ní Òṣogbo, ni ó fi í sí ní alẹ́ àná. Kò sí ẹni tí ó yí i. Iná mànàmáná ni ó lọ lóru, tàbí kí ọmọ kan ti yọ bátìrì rẹ̀ láti fi tan tọ́ọ̀ṣì. Rédíò náà kò bàjẹ́. Ó gbàgbé ni.

Àwọn rédíò àtijọ́ kì í gbàgbé. Àwọn asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n kọ́kọ́ dé Èkó ní ọdún 1935 àti Ìbàdàn ní ọdún 1939 kò tilẹ̀ ní ohun kan láti rántí, nítorí pé wáyà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ wọ inú ilé, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni onílé yóò gbọ́. Àwọn rédíò alábẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀lé wọn ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú tí ń fa abẹ́rẹ́ lọ, tí ń fà á bọ̀. Ibi tí ènìyàn bá fi abẹ́rẹ́ náà sí, ibẹ̀ ni yóò bá a, bí rédíò náà tilẹ̀ lo ọdún mẹ́ta nínú àjà láìní bátìrì. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ràn rédíò alábẹ́rẹ́ ju ti òde òní lọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìgbàgbé yìí lè di ọ̀rọ̀ ńlá. Ní ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì pa àṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Ìlobùú àti Ìfọ́n, ó di dandan kí olúkúlùkù mọ wákàtí tí ó lè jáde àti wákàtí tí kò gbọdọ̀ jáde. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn gbọ́ àṣẹ láti ẹnu ẹni tí ó pa á, kì í ṣe láti ẹnu ẹni tí ń sá kọjá lójú pópó. Ẹni tí rédíò rẹ̀ bá gbàgbé lọ́jọ́ náà, tí kò sì mọ bí a ṣe ń wá ilé-iṣẹ́ padà, àhesọ nìkan ni ó kù fún un. Nítorí náà ni ó ṣe dára kí a mọ ibi tí rédíò ń kó ìrántí rẹ̀ sí, ohun tí ń mú kí ó sọnù, àti bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣe ń tún un kọ sínú ẹ̀rọ.

Nínú rédíò òde òní, kò sí abẹ́rẹ́, kò sì sí okùn. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré kan ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá rí 104.5 lójú rédíò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbì tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ ń jì ní ìgbà mílíọ̀nù 104 àti ààbọ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ ìṣirò náà ni ó ń bá a kà á, òun ni kì í jẹ́ kí rédíò yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka nǹkan dé iye kan gbọ́dọ̀ rántí iye náà, ibi ìrántí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Oríṣi ìrántí méjì ni ó wà. Èkínní dà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ sí ọjà, tí ó ń ka ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n rán an sí. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń kà á lọ, ọ̀rọ̀ kò sọnù. Bí ó bá kọsẹ̀ tí ó ṣubú, ó parí. Iná ni ohun tí ó ń mú kí irú ìrántí yìí máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bí iná bá já fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, ohun gbogbo ti lọ. Èkejì dà bí ilà tí a kọ sí ojú ènìyàn. Ẹni tí ó kọ ilà lè sùn, ó lè ṣàìsàn, ó lè lọ sí ẹ̀yìn odi kí ó pẹ́ níbẹ̀, ilà náà kò ní parẹ́. Irú ìrántí kejì yìí kò bèèrè iná láti wà. Ìgbà tí a bá fẹ́ kà á tàbí tí a bá fẹ́ yí i padà nìkan ni ó nílò iná.

Ó lè jọ ẹnikẹ́ni lójú pé ì bá dára kí gbogbo rédíò ní irú kejì. Ọ̀rọ̀ owó àti ìgbà ni. Ní ọdún 1971 ni Dov Frohman, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà, ṣe IC kan tí à ń pè ní EPROM, tí ó lè di ọ̀rọ̀ mú láìsí iná, tí a sì tún lè pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́ kí a kọ òmíràn. Fèrèsé kékeré onígíláàsì wà lórí rẹ̀. Bí a bá fẹ́ pa á rẹ́, a ó yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, a ó sì fi í sí abẹ́ gílóòbù tí ń tan irú ìmọ́lẹ̀ líle tí ó wà nínú oòrùn, fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nítorí èyí ni àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ṣe máa ń lẹ bébà dúdú mọ́ fèrèsé náà, kí oòrùn má baà jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni irú tí a ń fi iná pa rẹ́ láìyọ ọ́ jáde, àti irú tí Fujio Masuoka ti ilé-iṣẹ́ Toshiba ní Japan gbé jáde ní ọdún 1984, tí ó jẹ́ pé ìran rẹ̀ ni ó wà nínú káàdì ìrántí tẹlifóònù wa lónìí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn, ìrántí tí ń gbàgbé ni kò wọ́n, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe rédíò sì lò.

Fún rédíò kékeré tí a ń gbé lọ sí oko, ọ̀nà àbáyọ kò le. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kàpásítọ̀ kan nínú, èyí tí ó dà bí àmù kékeré tí ó ń pọn iná pamọ́. Bí a bá yọ bátìrì ògbólógbòó, àmù yìí lè fún ìrántí rẹ̀ ní iná fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí bátìrì tuntun ti wà lọ́wọ́ kí a tó yọ ti àtijọ́. Kí a má ṣe yọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó rán ọmọ lọ sí ìsọ̀. Bí rédíò náà bá tún ń lo iná mànàmáná, kí a so ó mọ́ iná kí a tó pààrọ̀ bátìrì. Bí ó bá sì gbàgbé náà, bébà tí a kọ òǹkà sí, tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rédíò, yóò gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà: 104.5 fún Òṣogbo, 89.5 fún Òrìsun ní Ilé-Ifẹ̀, 95.5 fún Gold FM ní ìhà Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ tí ó bá mọ òǹkà lè bá bàbá rẹ̀ àgbà tẹ̀ ẹ́ padà.

Rédíò mọ́tò ni ó ń kó ìdààmú bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ra rédíò mọ́tò àlòkù, tí wọ́n sì ń so ó mọ́ bátìrì nínú ṣọ́ọ̀bù. Wáyà méjì ni ó ń gbé iná wọ inú irú rédíò bẹ́ẹ̀. Pupa ni ti ìtànná, èyí tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń tàn tí ó sì ń pa. Yẹ́lò ni ti ìrántí, kò sì gbọdọ̀ já láéláé. Bí ẹni tí ó so ó bá lọ́ pupa àti yẹ́lò pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, rédíò náà yóò máa sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ní gbogbo alẹ́ tí a bá pa á ni yóò máa gbàgbé gbogbo ilé-iṣẹ́ tí a kọ́ ọ. Oníṣọ́ọ̀bù yóò rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Kí a mú yẹ́lò lọ sí orí bátìrì tààrà, pẹ̀lú fíúsì lójú ọ̀nà, kí pupa nìkan sì gba inú bọ́tìnnì kọjá. Iná tí ìrántí ń jẹ kò tó nǹkan. Àmọ́ ṣá o, kí a kọ́kọ́ wo ara rédíò náà, nítorí pé àwọn mìíràn wà tí a pààrọ̀ àwọ̀ wáyà méjèèjì fún ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìrántí ti le jù ni inú rédíò ńláńlá tí àwọn olùfẹ́ rédíò ń lò. Àwọn wọ̀nyí ni ènìyàn tí wọ́n ń gba àṣẹ láti máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú àti láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, tí kì í ṣe nítorí owó. Nígbà omíyalé tàbí ìmìtìtì ilẹ̀, àwọn ni ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ jáde nígbà tí tẹlifóònù bá kú. Olúkúlùkù wọn ní orúkọ tí ó ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Ní Nàìjíríà, ZD2 ni orúkọ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn òmìnira, ó di 5N. Ilé-iṣẹ́ Icom, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Osaka ní Japan ní ọdún 1954, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe rédíò fún wọn. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, wọ́n ṣe ọ̀kan tí à ń pè ní IC-R71. Gbígbọ́ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í fọhùn síta. Ó lè gbọ́ láti mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 0.1 títí dé 30, èyí tí gbogbo ìgbì tí àwọn àgbà ń pè ní ṣọ́ọ̀tì-wéèfù wà nínú rẹ̀, ó sì lè rántí ilé-iṣẹ́ 32.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé àwọn tí ó ṣe é kò fi ilé-iṣẹ́ 32 náà nìkan sínú ìrántí tí ń gbàgbé. Wọ́n fi apá kan nínú ọgbọ́n tí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ sí ibẹ̀ pẹ̀lú. Páńẹ́ẹ̀lì kékeré kan ni ó wà nínú rédíò náà, IC kan wà lórí rẹ̀, bátìrì lítíọ́mù pẹlẹbẹ bí kọ́bọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń bọ́ ọ ní òru àti ní ọ̀sán. Bátìrì náà lè lo ọdún márùn-ún, ó lè lo mẹ́wàá, àwọn kan tilẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá kú, rédíò olówó iyebíye náà di òkúta. Ojú rẹ̀ yóò tàn, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí a ń pè ní rédíò mọ́. Ó dà bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn onílù Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí kì í ṣe oríkì àwọn ọba nìkan ni ó gbàgbé, tí ó tún gbàgbé bí a ṣe ń di gángan mú.

Ó yani lẹ́nu pé ohun tí ó sọnù kò pọ̀ rárá. Ààyè 1,024 ni ó wà nínú IC náà, ààyè kọ̀ọ̀kan sì gba àmì mẹ́rin. Bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà, kò ju lẹ́tà 512 lọ, èyíinì ni ìpínrọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé ìròyìn yìí. Ṣùgbọ́n kò sí atúnrédíòṣe kankan tí ó lè fi orí ara rẹ̀ mọ ìpínrọ̀ náà.

Irú rédíò bẹ́ẹ̀ lè dé ọwọ́ atúnrédíòṣe nínú ẹrù tòkunbọ̀. Bí ó bá dé tí ó ṣì ń sọ̀rọ̀, kí ó má ṣe sùn lé e. Kí ó fi mítà wọn bátìrì orí páńẹ́ẹ̀lì náà. Èyí tí ara rẹ̀ yá máa ń fi nǹkan bí fóòtì mẹ́ta hàn. Bí ó bá ti ń sún mọ́ méjì àti ààbọ̀, ọjọ́ rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó wá ẹni tí yóò da ọ̀rọ̀ inú IC náà kọ sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Àwọn olùfẹ́ rédíò ní òkè òkun ti so irú páńẹ́ẹ̀lì yìí mọ́ kọ̀ǹpútà láti ka ààyè 1,024 náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì fi ìkíní wé ìkejì. Bí àmì kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ìwé náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, a ó tún un kà.

Lẹ́yìn èyí ni a tó lè pààrọ̀ bátìrì. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí ọmọ tí ń ka ọ̀rọ̀ sẹ́nu má ṣe kọsẹ̀: kí a so bátìrì mìíràn mọ́ páńẹ́ẹ̀lì náà fún ìgbà díẹ̀, orí sí orí, ìdí sí ìdí, pẹ̀lú dáyọ́ọ̀dù lójú ọ̀nà kí iná ọ̀kan má baà ṣàn wọ inú èkejì. Nígbà tí èyí bá ti ń bọ́ ọ, a lè yọ ti àtijọ́. Irin tí a fi ń yọ́ òjé gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa, kí a sì yọ ọ́ kúrò lára iná mànàmáná kí a tó fi kan páńẹ́ẹ̀lì náà. Ní àkókò ọyẹ́, ara ènìyàn máa ń kó iná pamọ́, irú èyí tí ń ta pàrà nígbà tí a bá ń bọ́ ẹ̀wù òtútù; ìta pàrà yẹn tó láti pa IC kékeré. Kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tí ó wọ inú ilẹ̀. Kí ó má ṣe gbé páńẹ́ẹ̀lì lé orí páànù, kí ó má sì fi òjé gbígbóná kan ara bátìrì lítíọ́mù fúnra rẹ̀, nítorí pé ó lè bú. Èyí tí ó dára jù ni kí a so wáyà kékeré méjì jáde lọ sí ilé bátìrì tí ó ṣeé ṣí, kí pípààrọ̀ tí ó kàn má baà la òjé lọ mọ́.

Bátìrì tí a yọ jáde kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí nínú ilé. Ó ń dán bí owó, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàrin wákàtí méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè bọ́ ìrántí rédíò mọ́. Kí a gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe dúró wò ó bóyá yóò yà á jáde.

Bí rédíò náà bá ti gbàgbé kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò tún un ṣe, ọ̀nà tí ó kù kò pọ̀. A lè wá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ tí ó ṣì wà láàyè, kí a da ọ̀rọ̀ inú ìrántí rẹ̀ kọ, kí a sì kọ ọ́ sínú èyí tí ó kú. Irú kan náà gan-an ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́: ọ̀rọ̀ inú IC-745, tí òun náà ní irú páńẹ́ẹ̀lì yìí, kò bá IC-R71 mu. Ọ̀nà kejì ni páńẹ́ẹ̀lì tuntun tí àwọn ènìyàn kan ní Amẹ́ríkà ṣe fún títà, tí ó jẹ́ pé ìrántí onílà ni ó wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi èyí rọ́pò ti àtijọ́ kò tún nílò bátìrì mọ́ fún ọgbọ́n inú ẹ̀rọ náà, bí ó bá fẹ́ kí ó fi sínú àpótí fún ogún ọdún. Ní tòótọ́, bí ó ti yẹ kí wọ́n ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn rédíò alágbèéká tí àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ ń gbé kiri lónìí kò ní irú àìsàn yìí. Baofeng UV-5R, tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà, ní ààyè ìrántí 128, wọn kì í sì í parẹ́ bí bátìrì bá kú. Ewu tiwọn wá láti ọwọ́ ènìyàn. Wáyà kan ni a fi ń so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà, ètò ọ̀fẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CHIRP ni ọ̀pọ̀ sì ń lò láti kọ òǹkà sínú wọn. Ẹni tí ó bá kánjú kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí, tí kò kọ́kọ́ ka ohun tí ó wà nínú rédíò náà kí ó sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, lè ba ìtò tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fi sínú rẹ̀ jẹ́. Rédíò méjì tí ó jọra bí ìbejì pàápàá lè yàtọ̀ nínú. Kí a ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀.

Òfin sì wà níbẹ̀. Fífọhùn síta kò dà bíi gbígbọ́. Láàrin mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 144 sí 146 ni a fi fún àwọn olùfẹ́ rédíò ní apá ibi tiwa, àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ ni ó sì lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn ibòmíràn jẹ́ ti ọlọ́pàá, ti ọkọ̀ òfuurufú àti ti àwọn tí ó sanwó gbà á. Kọ̀ǹpútà kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ òǹkà. Gbogbo òǹkà tí rédíò bá gbà ni yóò kọ. Ẹgbẹ́ ọdẹ tàbí ẹ̀ṣọ́ ní Ìlobùú tàbí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tí ó bá fẹ́ máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní òru ní láti kọ̀wé sí NCC, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gba òǹkà tiwọn, kí wọ́n tó gbé rédíò fún ẹnikẹ́ni pé kí ó bá wọn kọ nǹkan sínú rẹ̀.